Kí ẹ tó ra wọ́kítọ́kì míì, ẹ kọ́kọ́ wo áńtẹ́nà tó wà lórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù látìgbà tí mo ti ń ṣètò wọ́kítọ́kì fáwọn èèyàn ní Àkúrẹ́ níbí ni pé "Wáàtì mélòó ló máa dé ọ̀hún?" Olóko ń bi mí, àwọn tó ń mójú tó síkíọ́rítì ẹ́stéètì ń bi mí, àwọn ọ́ṣà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń múra àpéjọ ọdọọdún náà ń bi mí, gbogbo wọn ló ti dé ọjà, tí ọlọ́jà sì ti sọ fún wọn pé wáàtì 5 ò tó, pé kí wọ́n fowó kún un kí wọ́n ra ti 8 tàbí ti 10. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kó wà nílẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe wáàtì ló ń yọ yín lẹ́nu, áńtẹ́nà ni, owó tí áńtẹ́nà gidi kan sì máa ná yín ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ fún rédíò tuntun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wáàtì yẹn kúrò lọ́nà. Tí ẹ bá kúrò ní wáàtì 5 tẹ́ ẹ lọ sí 8, gbogbo ohun tó kún un jẹ́ bíi désíbẹ́ẹ̀lì 2 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí síńnálì ṣe lágbára sí i tó), ẹni tó ń gbọ́ yín lọ́hùn-ún ò tiẹ̀ ní fura. Kí ìlà kan ṣoṣo tó lè kún lójú mítà síńnálì ẹni yẹn, désíbẹ́ẹ̀lì 6 lẹ máa nílò, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ sọ agbára yín di ìlọ́po mẹ́rin, láti 5 lọ sí 20. Ta ló fẹ́ máa gbé wáàtì 20 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, bátìrì wo ló sì fẹ́ gbé e dalẹ́? Àti pé wáàtì ń ran ọ̀rọ̀ tó ń jáde lọ lọ́wọ́ ni, kò kan èyí tó ń bọ̀ wá, ẹ lè ní agbára débi pé wọ́n ń gbọ́ yín ní Ọ̀wẹnà kẹ́yin ò sì gbọ́ ìdáhùn wọn. Áńtẹ́nà ní tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ méjèèjì, òun ló ń gbé ohùn yín jáde, òun náà ló ń gba tẹni ẹlẹ́ni wọlé, tó bá dáa, ó dáa lọ dáa bọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ o, áńtẹ́nà kankan ò lè la àpáta kọjá. Mo máa ń sọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni tó kówó jáde. VHF àti UHF, ìyẹn oríṣi ìgbì rédíò méjì tá à ń lò nínú wọ́kítọ́kì, ń lọ tààrà ni, kì í tẹ̀ gba orí òkè. Téèyàn méjì bá dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kálukú gbé rédíò sí nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀, ibi tí ilẹ̀ á ti bò wọ́n lójú ara wọn jẹ́ bíi kìlómítà 10. Ẹ gbé áńtẹ́nà ẹnì kan lọ sókè mítà 10, ó di bíi 18, kò sẹ́ni tó fi wáàtì kankan kún un. Àmọ́ ibo ni ilẹ̀ ti pẹrẹsẹ lápá ibí yìí? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìdànrè rí mọ ohun tí mò ń wí, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta yẹn dé Òkè Ìdànrè, tó mú wọ́kítọ́kì kékeré tó ní áńtẹ́nà rọ́bà kúkúrú dání, ibi tó jìnnà gan-an láá máa gbọ́ ọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn àpáta tó ní rédíò olówó gọbọi ò sì ní lè bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lápá kejì àpáta yẹn sọ̀rọ̀. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ gbìyànjú láti sún síbi tó ga díẹ̀, kódà kẹ́ ẹ kàn gbé rédíò kúrò níbàdí sókè orí máa ń yàtọ̀, torí pé ara èèyàn gan-an máa ń mu síńnálì.

Ó yá, áńtẹ́nà gan-an. Frequency tẹ́ ẹ ń lò, ìyẹn nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí rédíò yín ń gbà sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi MHz kà, ló ń sọ bó ṣe yẹ kó gùn tó, kì í ṣe bó ṣe rí lójú. Ìgbì rédíò kọ̀ọ̀kan ní gígùn tiẹ̀, ìdá mẹ́rin gígùn yẹn sì ni áńtẹ́nà tó dá dúró máa ń fẹ́ jẹ́ kára rẹ̀ tó balẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ò le rárá: ẹ fi iye MHz yín pín 75, iye tó bá jáde, mítà ni. Ẹni tó wà lórí 150 MHz, ìdajì mítà, sẹ̀ǹtímítà 50 nìyẹn. Ẹni tó wà lórí 450, bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Ẹ wá wo rọ́bà kúkúrú tó bá rédíò yín wá nínú páálí. Fún UHF, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn. Fún VHF kò dé ibì kankan, ṣe ni wọ́n ká wáyà rẹ̀ bíi sípíríìngì sínú rọ́bà kó lè kúrú báyẹn, ó máa ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbára tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ ra rédíò ń parẹ́ síbẹ̀ ni.

Ẹ ti wá rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Àwọn tó wà lórí VHF, láti 136 dé 174 MHz, àwọn ló máa jèrè pàṣípààrọ̀ áńtẹ́nà jù. Àwọn tó wà lórí UHF, láti 400 lọ sókè, èrè tiwọn kéré. Tó bá jẹ́ rédíò Baofeng BF-888S làwọn gáàdì yín ń lò, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ gáàdì káàkiri ìgboro yìí, UHF nìkan ni, 400 sí 470, bó bá sì jẹ́ láti gééètì dé ẹ̀yìn ilé ní Ijapo tàbí ní Alagbaka ni wọ́n ti ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi rọ́bà yẹn sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fowó yẹn ra bátìrì tuntun fún wọn, torí bátìrì tó ti gbó ló ń jẹ́ kí ohùn máa já ní bíi aago mẹ́ta òru. UV-5R, Baofeng míì, ní tiẹ̀ ń gba VHF àti UHF méjèèjì, ẹ máa wo frequency tí wọ́n ṣètò sínú rẹ̀ gan-an, ẹ má kàn wo orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀, kó bi ẹni tó ṣètò rẹ̀ fún un kó tó gba ọjà lọ.

Èyí tí wọ́n ń tà jù fún irú UV-5R ni Nagoya NA-771, ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 39, ó ṣeé tẹ̀, ó sì dáa lóòótọ́ tó bá jẹ́ ojúlówó. Àmọ́ ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, 144/430 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn MHz tó bá a mu, torí àwọn amateur, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí frequency tiẹ̀ wà ní 165 tàbí 170, kò ní rí gbogbo àǹfààní rẹ̀ gbà, ẹni yẹn ì bá sàn kó wá èyí tí wọ́n gé fún agbègbè tiẹ̀. Ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ yanturu. Ohun tí mo máa ń wò ni ìdí rẹ̀: tẹ́ ẹ bá yí i dé òpin, ó yẹ kí ìdí rẹ̀ jókòó pẹ́kípẹ́kí sórí rédíò, kó má ṣàyè, kó má sì máa mì lọ́wọ́. Èyí tó ń mì kò yẹ lẹ́ni tó ń gbé, bó ti wù kí orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáa tó.

Ẹ má gbàgbé ẹnu rẹ̀, ibi tó ti wọ rédíò, náà o. Lórí Baofeng, pín wà nínú rédíò, ihò sì wà lẹ́nu áńtẹ́nà. Lórí ọ̀pọ̀ Yaesu àti Icom òde òní, òdìkejì rẹ̀ ni, pín ló wà lára áńtẹ́nà. Wọ́n jọra débi pé ọlọ́jà á ní "á wọlé, á wọlé" títí á fi ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé rédíò yín dání lọ. Àwọn Motorola kan tún wà tí ẹnu tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí gbogbo ìwọ̀nyí, ìyẹn gba pé kẹ́ ẹ mú ti àtijọ́ lọ kẹ́ ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Èyí tó wù mí sọ jù rèé. Áńtẹ́nà tẹ́ ẹ ń rí yẹn, ààbọ̀ ni. Gbogbo áńtẹ́nà irú yìí ló nílò ìdajì kejì tí agbára máa fi ṣe àtìlẹ́yìn, lórí ọkọ̀, páànù orí ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, lórí wọ́kítọ́kì, irin inú rédíò àti ọwọ́ tẹ́ ẹ fi dì í mú àti ara yín ni. Lórí VHF, irin inú rédíò kéré jù, ọwọ́ sì ń ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn lẹ ṣe máa rí i pé rédíò tẹ́ ẹ gbé sórí tábìlì ń gbọ́ra ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e dání ó yàtọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fún un ní ìdajì kejì tó péye ni wáyà kan lásán, gígùn rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ìṣirò òkè yẹn, tí ẹ máa so mọ́ irin ẹnu áńtẹ́nà lóde, kó rọ̀ wálẹ̀. Àwọn amateur ti ń ṣe é tipẹ́.

Bàbá olóko kòkó kan wá bá mi láti apá Ìdànrè, ọmọ rẹ̀ ti ra rédíò ńlá fún un, síbẹ̀ kò gbọ́ ju ariwo ṣììì lọ látinú oko sílé. Mo wo orí rédíò, áńtẹ́nà bíńtín kan tí ò ju ìka ọwọ́ lọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ torí pé ó ń ha mọ́ igi, èyí tí wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀, UHF ni, rédíò bàbá wà lórí 155. Mo yọ ọ́, mo fi èyí tó gùn sí i. Mo wá gé wáyà iná tó rọ̀, sẹ̀ǹtímítà 48, torí 75 tá a fi 155 pín nìyẹn, mo tẹ òrùka páànù kékeré mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, irú òrùka táwọn oníwáyà mọ́tò ń lò, ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ díẹ̀ kí ẹnu áńtẹ́nà lè gbà á kọjá. Mo ki ẹnu áńtẹ́nà bọ inú òrùka, mo yí i padà sórí rédíò, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé òrùka ò nípọn débi tí áńtẹ́nà ò fi ní jókòó dáadáa àti pé kò kan pín àárín. Wáyà wá rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. A pe ọmọ bàbá tó ń dúró dè wá lápá òdìkejì ìgboro. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ ní àjákù-àjákù láàárín ariwo. Lọ́tẹ̀ yìí ariwo ẹ̀yìn yẹn lọ sílẹ̀, ohùn jáde, wọ́n tiẹ̀ ń gbọ́ bí alùpùpù ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo fi kún un?" Mo ní, "Bàbá, wáyà ni o." Wọ́n mú wáyà yẹn sọ́wọ́, wọ́n ń wò ó síwá sẹ́yìn.

Kò wúlò fún gáàdì o, mi ò ní purọ́, wáyà tó ń rọ̀ yìí máa ń kọ́ nǹkan lára téèyàn bá ń rìn kiri. Ẹni tó máa dúró síbì kan tàbí jókòó sórí òkìtì ló wúlò fún, ẹ ṣáà má jẹ́ kó kan ara yín lásìkò tẹ́ ẹ ń tẹ bọ́tìnì.

Àwọn olóko, ẹ tún fetí sí èyí. Ewé máa ń mu UHF ju VHF lọ, oko kòkó tó dí sì tún mu ún jù, tí òjò bá wá rọ̀ tí ewé tutù, ó tún burú sí i. Tẹ́ ẹ bá máa ra rédíò fún inú igbó, VHF ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fún un ní áńtẹ́nà tó gùn tó yẹ ẹ́. Fún inú ilé alájà púpọ̀, tàbí inú gbọ̀ngàn ìnáwó tí ògiri pọ̀, UHF ló dáa jù, ìgbì rẹ̀ kúrú, ó ń ráyè gba ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yin ọ́ṣà, tiyín nìyẹn.

Gígùn náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹnu áńtẹ́nà kékeré yẹn ò lágbára púpọ̀, tẹ́ ẹ bá fi áńtẹ́nà gígùn jókòó sínú mọ́tò tó há ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tàbí tẹ́ ẹ ń di áńtẹ́nà mú gbé rédíò bí ẹni gbé kétù, ibi tó ti máa já kúrò lára páńẹ́ẹ̀lì inú rédíò nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í rọrùn. Ọ̀rọ̀ kejì ni pé áńtẹ́nà tó ń gbọ́ púpọ̀ máa ń gbọ́ ohun tí ò yẹ náà. Tẹ́ ẹ bá wà nítòsí máàsìtì ilé iṣẹ́ rédíò FM, àwọn rédíò olówó pọ́ọ́kú lè dití nítorí agbára tó ń rọ́ wọlé, ẹ máa rò pé áńtẹ́nà tuntun bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ó pọ̀ jù fún rédíò yẹn ni. Níbẹ̀, rọ́bà kúkúrú yín á tún dáa jù, mo ti rí i lójú ara mi. Ẹ má sì tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ láé nígbà tí kò sí áńtẹ́nà lórí rédíò, agbára tí kò rí ibi gbà jáde máa padà sínú ẹ̀rọ ni, ó sì lè jó ibi tó ń gbé síńnálì jáde.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé áńtẹ́nà tẹ́ ẹ rà dáa? Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ ní ìdí káńtà. Kí ẹnì kan dúró síbi kan tó jìnnà díẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀, kẹ́yin náà má kúrò lójú kan, rédíò kan náà, bátìrì kan náà, ẹ wá sọ agbára rédíò di èyí tó kéré jù nínú mẹ́nù. Lórí agbára ńlá, gbogbo áńtẹ́nà ló máa dà bíi pé ó dáa, lórí agbára kékeré ni òótọ́ ti ń jáde. Ẹ máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹ pààrọ̀ áńtẹ́nà, ẹ tún kà, kí ẹni ọ̀hún sọ èyí tí ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ kéré jù. Ẹ gbé áńtẹ́nà dúró ṣánṣán o, téèyàn kan bá dá tiẹ̀ bùlẹ̀ tí ẹnì kejì gbé e nàró, ọ̀pọ̀ síńnálì ti lọ. Àwọn tó ní NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn áńtẹ́nà, ẹ máa ṣọ́ra, ẹ̀rọ yẹn ń wọn áńtẹ́nà láìsí ọwọ́ yín àti irin rédíò yín, ohun tó bá sọ fún yín lórí tábìlì kọ́ ló máa jẹ́ lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀ tó bá fi SWR, ìwọ̀n bí agbára ṣe ń padà látorí áńtẹ́nà, hàn fún yín pé ó jẹ́ 3 lórí frequency yín, ìdá mẹ́rin agbára ń padà wá sílé nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Áńtẹ́nà tó dáa ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ o. NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fúnni ní frequency àti láísẹ́ńsì nílẹ̀ yìí, amateur náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bí áńtẹ́nà yín bá ṣe ń dé ibi tó jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ ń wọ etí àwọn tó sanwó fún frequency tiwọn.

Ó ku tinú mọ́tò àti tilé. Páànù mọ́tò máa ń dí síńnálì, ẹni tó ń fi wọ́kítọ́kì sọ̀rọ̀ nínú pìkọ́ọ̀pù pẹ̀lú gíláàsì títì ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Áńtẹ́nà olóòfà tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ àárín òrùlé mọ́tò, tí kébù rẹ̀ wọlé gba ẹnu ilẹ̀kùn, yàtọ̀ gedegbe, torí páànù òrùlé yẹn ti di ìdajì kejì tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tilé tàbí ti ahéré oko, èyí tó wù mí jù ni J-pole, irú áńtẹ́nà kan tí wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ ohms 300 ṣe, wáyà ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn, fún VHF ó gùn tó bíi mítà kan àbọ̀, ó ṣeé ká sínú àpò, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún ẹ fi okùn fà á sókè lórí igi tàbí ọparun. Kò nílò wáyà ìsàlẹ̀ kankan, gíga tẹ́ ẹ gbé e sí ni gbogbo èrè. Ṣùgbọ́n kébù tó bọ́ láti ibẹ̀ wá bá rédíò, ẹ má jẹ́ kó gùn ju bó ṣe yẹ lọ: RG-58, irú kébù kan, tó bá gùn tó mítà 10, lórí UHF ń jẹ nǹkan bí ìdajì agbára yín kó tó dé òkè, lórí VHF ó fúyẹ́ díẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá sì ti ṣú, ẹ yọ kébù kúrò lára rédíò kẹ́ ẹ jù ú síta kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.